Oúnjẹ Tántó nígbà tí àgbọ̀n rẹ̀ kán

Ajá tí àgbọ̀n rẹ̀ bá kán, ebi àti òùngbẹ lẹ máa kọ́kọ́ bá jà. Egungun á so tí wọ́n bá tò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà lára ajá tó ti dàgbà, kò sì sí ajá kékeré tó lè wà bẹ́ẹ̀ láìmu omi. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, pàápàá ẹ̀yin tí ilé ìwòsàn ẹranko jìnnà sí yín. Aránṣọ ni mí ní Kétu ti ilẹ̀ Benin, mi ò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ohun tó jẹ́ ti dókítà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu dókítà ni mo ti gbọ́ ọ. Ti oúnjẹ, ọwọ́ mi ló ṣe é.

Tántólọ́hun ni orúkọ rẹ̀, Tántó la ń pè é. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Ìlárá ló fún mi nígbà tó ṣì kéré débi pé inú apẹ̀rẹ̀ tí mo ń kó èékù aṣọ sí ló ń sùn. Ó ti dàgbà báyìí, àmọ́ kò ga: ajá ilẹ̀ wa ni, pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn. Lọ́sàn-án, abẹ́ máṣíìnì mi ló ń dùbúlẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lóru, òun ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan ni, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, àwọn tó ti oko dé ti ń to iṣu kalẹ̀. A rí i tó ń rọra bọ̀ lẹ́bàá ògiri. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ́ sí apá òsì, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, itọ́ tó pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé àyà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ mi figbe ta. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lódìkejì ọ̀nà kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Dìgbòlugi ni!" Kí n tó lahùn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti mú igi.

Mi ò bínú sí wọn. Dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá tó ń sáré kiri tó ń bu èèyàn jẹ nìkan. Irú rẹ̀ kan wà tó máa ń rọ ajá lẹ́nu: àgbọ̀n á já wálẹ̀, ajá ò ní lè gbé nǹkan mì, itọ́ á máa dà, ajá náà á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn èèyàn á rò pé egungun ló há a lọ́fun, wọ́n á ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú itọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò àrùn náà wà. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ohun tó ń gbani ni kéèyàn fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibi tí ajá ti bù ú jẹ, tàbí egbò tí itọ́ ajá kàn, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, kó má dúró de ọ̀la. Ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti fún ọmọdékùnrin kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nílẹ̀ Faransé, tí ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà wá la ti mọ̀ pé a lè ṣíwájú àrùn yìí kó tó dé ọpọlọ. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ajá tí àgbọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀, tí kò mọ ohun tó ṣe é, kó takété, kó sì lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀. Bí Ìyá ẹlẹ́kọ ṣe ṣe gan-an nìyẹn.

Èmi ki ọwọ́ méjèèjì bọ ọ̀rá, mo fi aṣọ tó nípọn bo Tántó, mo sì fi agbọ̀n ńlá dé e mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bàbá ọdẹ tó wà nílé kejì ló dá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró. Ó lóṣòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó gba ojú agbọ̀n wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ wà nínú itọ́ yẹn. Eyín iwájú kan ti kán. Àgbọ̀n náà kò sì já wálẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀gbẹ́ kan ló wọ́ sí. Nǹkan ló gbá ajá yìí." Mo wọlé lọ mú ìwé abẹ́rẹ́ Tántó jáde, mo fi ọjọ́ tó gba àjẹsára dìgbòlugi kẹ́yìn han Ìyá ẹlẹ́kọ àti gbogbo àwọn tó dúró. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ wọn láàárọ̀ yẹn kò ṣe tó ohun tí ìwé pélébé yẹn ṣe. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ igi wọn sílẹ̀.

Dókítà ẹran tó máa ń bá àwọn Fúlàní tọ́jú màlúù wọn dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi àtàǹpàkò di àgbọ̀n náà mú lọ́tùn-ún àti lósì, ó rọra gbé ọ̀tún sókè, òsì kò tẹ̀ lé e. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Egungun méjì ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ajá. Wọ́n pàdé níwájú, lábẹ́ àwọn eyín kéékèèké, bí ibi tí aránṣọ ti so awẹ́ aṣọ méjì pọ̀. Ojú ìrán yẹn ló tú lẹ́nu Tántó. Ó tún fura pé egungun apá òsì ti sán níbì kan lápá ẹ̀yìn. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, ó ní kí n lọ bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ajá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ó sì ní kí n má jẹ́ kí ọmọdé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ 10 síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ajá tí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára rẹ̀ kì í sábà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kú. Mo gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ni zémidjan kan, ọlọ́kadà, wá sọ fún wa pé ojú òun ni ọkọ̀ tó kó igi ṣe gbá a lóru lọ́nà Pobè.

Kí n tó kúrò nílé, aládùúgbò mi kan gbé oògùn ara ríro wá, ibuprofen, pé kí n pò ó mọ́ omi fún un. Àánú ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láé. Ibuprofen máa ń dá egbò sínú ikùn ajá, ó sì máa ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Lára ajá kékeré, díẹ̀ ti pọ̀ jù. Paracetamol náà lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Dókítà ẹran nìkan ló lè sọ èyí tí ajá lè lò àti ìwọ̀n rẹ̀. Bàbá àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún tún sọ pé kí n jẹ́ kí àwọn fi bọ Ògún, pé ajá tí kò lè jẹun mọ́ ti parí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn á fún mi lówó tí mo fi máa ra òmíràn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Bàbá, ti Tántó kò tíì tán." Wọ́n ní kò burú. Àwọn gan-an ló sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lẹ́yìn náà láti béèrè bó ṣe ń ṣe.

A gba Pobè, a gba Sakété, a dé Àjàṣẹ́. Orí itan mi ló wà. Mo fi ìborùn gbé àgbọ̀n rẹ̀ ró láìso ó, nítorí bí ajá bá bì tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídì, èébì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Dókítà tó wà níbẹ̀ ní eyín lòun máa kọ́kọ́ wò, kí òun tó wo egungun. Ajá tó ti dàgbà ní eyín 42. Bí tòkè àti tìsàlẹ̀ bá ṣe wọnú ara wọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àgbọ̀n ti padà sí àyè rẹ̀ nìyẹn. Bí wọn ò bá wọnú ara wọn, eyín ṣóńṣó ìsàlẹ̀ á máa gún ajá náà lókè ẹnu ní gbogbo ìgbà tó bá panu dé, bí egungun tilẹ̀ so. Wọ́n fún Tántó ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n ya fọ́tò egungun, wọ́n yọ eyín tó kán, wọ́n fọ ẹnu rẹ̀ mọ́. Dókítà wá fi wáyà tín-ínrín yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká lẹ́yìn eyín ṣóńṣó méjèèjì, ó sì lọ́ ìdí wáyà náà pọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Ibi tó sán lápá òsì kò yẹ̀, kò la ibẹ̀. Ó ní ìdè ẹnu ló máa mú un dúró. Owó aṣọ ìgbéyàwó odindi ẹbí kan ni mo san, mo sì san án tọkàntọkàn.

Ìdè ẹnu yìí ni iṣẹ́ mi ti wúlò. Pílásítà ni dókítà fi ṣe ti àkọ́kọ́, ó sì fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹnu kò gbọdọ̀ pa dé pátápátá. Àlàfo ní láti wà láàárín eyín iwájú tòkè àti tìsàlẹ̀, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà kan, kí ahọ́n lè yọ jáde láti lá omi. Ṣùgbọ́n àwọn eyín ṣóńṣó gbọdọ̀ ṣì kọ́ ara wọn, kí àgbọ̀n má bàa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá fún jù, ajá ò ní lè lá nǹkan, ooru á sì pa á, nítorí ẹnu ni ajá fi ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ara rẹ̀ fi ń tutù. Bó bá dẹ̀ jù, kò ṣe nǹkan kan. Pílásítà náà rin, ó mú irun dání, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, awọ abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n. Mo pe dókítà, mo béèrè bóyá mo lè rán ti aṣọ. Ó ní kí n ṣe é, kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun bó bá ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Téèpù tí mo fi ń wọn oníbàárà ni mo fi wọn imú Tántó: àyíká imú níwájú, àyíká rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú, àti láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu dé ẹ̀yìn etí. Aṣọ òwú rírọ̀ ni mo fi ṣe inú, okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe apá àpò ìwé ni mo fi ṣe ìta. Apá kan yí imú ká, okùn kan láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba abẹ́ etí lọ pàdé ìkejì rẹ̀ lẹ́yìn orí. Ojú ìrán wà níta, kó má bàa máa ha á lára. Mo rán ju ẹyọ kan lọ, kí ọ̀kan máa gbẹ lórí okùn nígbà tí ìkejì bá wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi á fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n Tántó ró kó má bàa já wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin ará Kútọnu tí ẹ ń sin àwọn ajá tí imú wọn pẹlẹbẹ: a kì í de irú wọn báyìí. Imú wọn kúrú jù, èémí wọn kò sì tó tẹ́lẹ̀. Dókítà ní ọ̀nà mìíràn fún wọn.

Nísinsìnyí, oúnjẹ. Ẹja oníyìnyín ni mo gbára lé, mo ń fi omi lásán sè é, láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, tútù rẹ̀ àti sísè rẹ̀, kì í ṣe nǹkan à ń fi ṣeré. Nítorí ìyẹn, mi ò lo ọlọ ilé, ata àti àlùbọ́sà ti mu inú rẹ̀ yó láti ọjọ́ pípẹ́. Asẹ́ tuntun ni mo ṣe, irú ti ògì, àmọ́ mo lo aṣọ tí ojú rẹ̀ là díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹja bá ti jinná, màá tú ẹran rẹ̀, màá kó o sójú asẹ́, màá wá máa fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí á fi gba abẹ́ já sínú abọ́, funfun, ó ń yọ̀. Egungun tín-ín-tín tí ojú kò rí á kù sókè, ìka mi á máa rí wọn. Iṣẹ́ yìí kì í yá. Kò sì yẹ kó yá, nítorí egungun ẹja kan ṣoṣo ní ojú ọgbẹ́ yẹn tó láti mú kí ajá kọ oúnjẹ pátápátá.

Ẹ̀kọ mímu ni mo ń po ẹja náà mọ́. Nígbà tí ọjọ́ 10 náà pé, tí Tántó ṣì ń ju ìrù, Ìyá ẹlẹ́kọ fúnra wọn gbé ife ẹ̀kọ kọjá títì wá. Wọ́n ní, "Ẹ má rà á mọ́, ti Tántó wà lára ti ilé mi." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wá láti ọjọ́ náà, kí wọ́n tó tajà fún ẹnikẹ́ni. Omi mi bọ́ lójú, mi ò tiẹ̀ pa á mọ́. Ní ọjọ́ mìíràn mo máa ń pààrọ̀ ẹja sí ẹyin sísè tàbí ẹ̀dọ̀ adìẹ, gbogbo rẹ̀ á gba ojú asẹ́ kan náà. Ó gbọdọ̀ ṣàn débi pé tí ẹ bá da ṣíbí délẹ̀, á já bọ́ láìdúró. Ó gbọdọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dán an wò lọ́rùn ọwọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Ikùn ajá kékeré kò gba ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò lè lá a. Síríńjì ńlá tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni mo lò. Ẹ má gbé orí ajá sókè, ẹ má sì fín oúnjẹ lọ tààrà sí ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà á. Orí á wà bó ṣe wà tó bá dúró. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ ti ẹnu síríńjì bọ àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wo ọ̀fun rẹ̀. Tí ọ̀fun bá gbéra tó sì padà, ó ti gbé e mì. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá húkọ́, ẹ sinmi. Ọmọ iṣẹ́ mi a máa kọrin fún un lábẹ́ ohùn, Tántó á sì tẹjú mọ́ ọn, á gbàgbé síríńjì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbé abọ́ sílẹ̀ kí n lọ dá oníbàárà lóhùn. Mo gbọ́ ìró kan. Ahọ́n rẹ̀ ló yọ láti inú àlàfo yẹn, orí rẹ̀ nìkan, ó pọ́n, ó wọ́ díẹ̀ sí òsì. Ó kan ẹ̀kọ, ó padà. Ó tún yọ. Ẹ̀kọ bò ó nímú, ó sín, ó tún padà sídìí abọ́. Oníbàárà mi dákẹ́, èmi náà dákẹ́, a jọ ń wò ó títí ó fi lá a tán.

Lára ohun tí dókítà tẹnu mọ́ ni pé kí sísọ́ọ̀sì má jìnnà sí mi. Ti èmi ti wà lọ́rùn mi látọjọ́ tí mo ti kọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ kan tó lo oògùn apakòkòrò rẹ̀ tán, ó dìde lójijì, ó tẹ orí sílẹ̀, ikùn rẹ̀ ń sún kì. Mo ti mọ̀ pé èébì ni. Mi ò tú okùn, kò sí àkókò fún kókó. Mo ti ojú sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ okùn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo gé e, ẹnu ṣí, ó bì sílẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe aránṣọ, kó so sísọ́ọ̀sì mọ́ ògiri níbi tí ajá ń sùn, kó sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han gbogbo ará ilé, ọmọ ilé ìwé pàápàá.

Ooru náà kò ṣeé fojú kéré. Lọ́sàn-án, mo ń gbé e sí abẹ́ igi máńgò, lórí aṣọ tí mo fi omi rin, mi ò sì jẹ́ kó sáré rárá. Lẹ́yìn oúnjẹ, màá fi aṣọ tútù nu àgbọ̀n rẹ̀, màá fi omi oògùn tí dókítà fún mi fọ ẹ̀gbẹ́ wáyà, màá sì gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Bó bá ṣàdédé rùn ju ti àná lọ, ẹ pe dókítà. Mi ò ní òṣùwọ̀n, nítorí náà téèpù ni mo fi ń wọn àyà rẹ̀ lẹ́yìn apá, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, lójú ewé tirẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n náà dínkù níbẹ̀rẹ̀, mo fi ẹyin kún oúnjẹ. Ó dúró, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ tún máa fi ìka méjì gbé awọ èjìká rẹ̀ sókè kí ẹ jù ú sílẹ̀: bí kò bá tètè padà, omi ara rẹ̀ ti ń tán.

Dókítà ti yọ wáyà náà. Ó di àgbọ̀n mú lọ́tùn-ún àti lósì, ó gbé e, méjèèjì jọ gbéra. Mo pariwo níbẹ̀. Eyín Tántó bára mu, àfi àyè eyín tí wọ́n yọ, ahọ́n rẹ̀ sì máa ń yọ díẹ̀ níbẹ̀ tó bá sùn. Oúnjẹ rírọ̀ ló ṣì ń jẹ: àkàsà tí mo fọwọ́ run, ẹ̀wà tó jinná dáadáa, ẹja tí kì í gba ojú asẹ́ mọ́ àmọ́ tí mo ṣì ń yọ egungun rẹ̀. A kò tíì fún un ní egungun jẹ, a kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bá a fa okùn tàbí igi. Lóru, a ti ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sí ọ̀nà Pobè fún un mọ́.

Àjẹsára rẹ̀ ti ọdún yìí ń bọ̀ láìpẹ́, Ìyá ẹlẹ́kọ sì ti ní kí n mú ajá tiwọn náà lọ. Mo ṣì ní bébà tí mo fi gé ìdè ẹnu náà. Bí ajá ẹnikẹ́ni ní Kétu tàbí ní agbègbè wa bá bọ́ sínú irú wàhálà yìí, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá dókítà ẹran. Bó bá ní kí ẹ de ẹnu rẹ̀, ẹ wọn imú rẹ̀ níbi mẹ́ta tí mo sọ yẹn, kí ẹ sì mú ìwọ̀n náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Màá rán an lọ́jọ́ náà, mi ò ní gba sẹ́fà kankan.